Áàpù Àwọn Agbérin: Èdè Kì í Ṣe Ọ̀dà Ara Ilé

Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n Adjarra ni a ti wá rí ìtumọ̀ rẹ̀ kedere. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní àgbàlá àwọn tó ń gbé irin, ṣùgbọ́n ìdí iṣẹ́ tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè yàn láàyò ló parí sí.

Ẹni tó bá mọ Adjarra, lẹ́bàá Porto-Novo tí àwa Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́, yóò mọ̀ ọ́n fún ọjà rẹ̀, fún ìlù àti fún ìkòkò amọ̀. Ohun tí àlejò kì í tètè rí ni àgbàlá tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń péjọ ní ìrọ̀lẹ́ láti gbé irin. Irin wọn kì í ṣe èyí tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù. Garawa ọ̀dà ni wọ́n da símẹ́ńtì sí, wọ́n wá fi ọ̀pá irin kan so méjì pọ̀. Kò sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe wúwo tó, kó gbé e wò.

Ọ̀rẹ́ wa kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé zémidjan ló ń gùn jẹun. Ó lọ sí Kútọnu fún oṣù méjì, kò sì fọwọ́ kan irin ní gbogbo àsìkò náà. Nígbà tó dé, ó bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè pé, "Èwo ni mo ń gbé kí n tó lọ?" Ẹni mẹ́ta dáhùn, ìdáhùn mẹ́ta ló jáde. Ó mú èyí tó wúwo jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọ̀lẹ láàárín ẹgbẹ́? Ẹ̀yìn rẹ̀ sì yẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi lè gun alùpùpù, owó oúnjẹ ilé sì di yíyá. Kì í ṣe agbára ni kò ní, kì í sì ṣe ọgbọ́n. Àkọsílẹ̀ ni kò ní.

Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn nígbà tí ọ̀rẹ́ wa mìíràn, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, mú èrò kan wá. Ó fẹ́ ṣe áàpù kan sórí fóònù, èyí tí agbérin yóò máa fi ṣàkọsílẹ̀ ohun tó gbé, iye ìgbà tó gbé e, àti ọjọ́ tó gbé e. Áàpù náà yóò rán an létí ohun tó ṣe kẹ́yìn, yóò sì sọ fún un bóyá ó tó àkókò láti fi díẹ̀ kún un. Ó ti ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, Faransé sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Nígbà tó fi hàn wá tán, ó ní, "Bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ ó bá mi tú u sí Yorùbá."

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ilé ni áàpù, èdè sì ni ọ̀dà tí a máa ń kùn ún nígbà tí a bá kọ́ ọ tán. Lójú tiwa, èdè wà lára ìpìlẹ̀. Bí a kò bá fi í síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ilé náà lè wó lé ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ lórí. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé.

A kò sọ pé èrò náà jẹ́ tuntun. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n àwọn tí a ṣí wò kò gbọ́ Yorùbá, wọn kò sì gbọ́ Ègùn. Ìlànà tí wọ́n dúró lé kì í ṣe àjèjì sí wa: díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ náà ní ìtàn Milo ará Croton, ẹni tí wọ́n ní ó ń gbé ọmọ màlúù kan lójoojúmọ́ títí tó fi di akọ màlúù ńlá lórí èjìká rẹ̀. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ áàpù wọ̀nyí ń lò kò sì le. Èyí tó gbajúmọ̀ ni ti Epley, tó ti wà láti 1985: a ó mú iye ìgbà tí ènìyàn gbé irin, a ó fi 30 pín in, a ó fi 1 kún un, a ó wá fi í sọ ìwọ̀n irin náà di púpọ̀. Ẹni tó bá gbé kílò 60 lẹ́ẹ̀mẹwàá, a fojú bù ú pé yóò lè gbé kílò 80 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kí ni ìṣirò lè ṣe bí àkọsílẹ̀ kò bá péye?

Bí àkọsílẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó hàn ní Sydney ní ọdún 2000, ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn obìnrin gbé irin ní ìdíje Òlíńpíìkì. Ní ìsọ̀rí kílò 75, obìnrin mẹ́ta ni àpapọ̀ irin wọn jẹ́ kílò 245 géérégé: María Isabel Urrutia ti Kòlóńbíà, Ruth Ogbeifo ti Nàìjíríà àti Kuo Yi-hang ti Taiwan. Òfin ìgbà náà ni pé ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ jù ni yóò borí. Urrutia gba góòlù, Ogbeifo gba fàdákà. Kì í ṣe irin ló yà wọ́n. Ìwọ̀n ara tí a kọ sílẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ló yà wọ́n.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo òǹkà. Ọ̀pá irin tí àwọn ọkùnrin ń lò ní ìdíje àgbáyé wúwo tó kílò 20. Ogún nìyẹn. Fi irin pẹlẹbẹ oní-kílò 20 kọ̀ọ̀kan sí ọ̀tún àti òsì, ó di 60: ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Fi méjì méjì sí i, ó di 100: ọgọ́rùn-ún, ogún márùn-ún. Mẹ́ta mẹ́ta, 140: ogóje, ogún méje. Mẹ́rin mẹ́rin, 180: ọgọ́sàn-án, ogún mẹ́sàn-án. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ òǹkà náà ń sọ iye ogún tó wà níwájú agbérin, ọ̀pá pẹ̀lú pẹlẹbẹ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún kà wọ́n. Bí a bá yọ ogún méjèèjì kúrò lára ọgọ́ta, tí a fi irin oní-kílò 15 méjì rọ́pò wọn, ó di 50: àádọ́ta, ìyẹn ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá. Ọ̀pá tí àwọn obìnrin ń lò, kílò 15 ni: ẹẹ́dógún, ogún tó dín márùn-ún. Ó dà bí ẹni pé agbérin ló ṣe òǹkà wa.

Ní Paris ní ọdún 2024, Fọláṣadé Olúwafẹ́miáyọ̀ ti Nàìjíríà gbé kílò 167 ní ìdíje Paralympic, ó gba góòlù, títí di ìgbà náà, kò sì sí obìnrin tó tíì gbé tó bẹ́ẹ̀ rí ní ìsọ̀rí kílò 86 tirẹ̀. Yorùbá yóò ní ó gbé mẹ́tàdínláàádọ́sàn-án: ó ku mẹ́ta kó pé 170. Òǹkà wa ń wo ibi tí à ń lọ, kì í ṣe ibi tí a ti ń bọ̀ nìkan. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ni agbérin ṣe ń ronú?

Àwọn kan yóò ní òǹkà Yorùbá le jù. Àwa tí a fi Faransé kàwé láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí ni quatre-vingt-dix-sept? Ogún mẹ́rin, ẹ̀wá, èje: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa láti máa pe 97, ọmọdé sì ń pè é láìkọsẹ̀. Bí Faransé bá kà á ní ogún ogún, wọ́n ní ọ̀làjú ni. Bí Yorùbá bá kà á, wọ́n ní ó le. Òǹkà wa kò le ju tiwọn lọ, a kò lò ó ni.

Ohun kejì ni bí Yorùbá ṣe ń ya òǹkà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. A ní ẹ̀ta fún kíkà lásán, mẹ́ta fún nǹkan tó wà nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta fún ohun tí a ṣe, ẹ̀kẹta fún ipò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún gbogbo wọn pátápátá. Nínú ìwé àwọn agbérin, ohun tó sábà máa ń da àkọsílẹ̀ rú ni kí ènìyàn kọ "5, 3, 60" sílẹ̀, kó má mọ̀ mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan èyí tó jẹ́ iye ìgbà àti èyí tó jẹ́ iye ọ̀wọ́, ìyẹn ìgbé tí a gbé léra kí a tó sinmi. Bí ẹni náà bá sọ sínú fóònù pé, "Mo gbé ọgọ́ta lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọ̀wọ́ mẹ́ta," kò sí ohun tó ṣókùnkùn níbẹ̀. Gírámà ti bá wa ṣe iṣẹ́ náà tán.

Ṣùgbọ́n gírámà yìí kò lè gbà wá bí a bá pa àmì ohùn tì. Igba ni 200. Ìgbà ni àsìkò, òun náà ni a sì fi ń sọ iye ìgbà tí a ṣe nǹkan. Nínú áàpù tí kò ní àmì ohùn, lẹ́tà mẹ́rin kan náà ni ìwọ̀n irin àti iye ìgbà yóò máa jẹ́. Nínú ìwé ìròyìn, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè pani lẹ́rìn-ín. Lábẹ́ irin tó wúwo, kò pani lẹ́rìn-ín rárá.

Ohun kẹta ló bà wá lẹ́rù jù. Nínú ìwé tí ọ̀rẹ́ wa yà, a rí i pé kí agbérin máa fi irin lóṣòó tous les quatre jours. Ó ti gbìyànjú láti tú u fúnra rẹ̀: "ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin." Ẹ dákun, ẹ wo ọjà Adjarra. Bí a bá bi ẹni tó ń fi Faransé dáhùn, yóò ní tous les quatre jours ni wọ́n ń ná an. Bí a bá bi ìyá oníṣòwò tó ń fi Yorùbá dáhùn, yóò ní ọrọọrún ni, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ọjà kan náà ni, kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Yorùbá ka òní mọ́ ọn, Faransé kò kà á. Bí a bá tú gbólóhùn náà ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa yóò ka òní sí ọjọ́ kìíní, yóò sì padà sábẹ́ irin ní ọjọ́ kẹrin. Ọjọ́ méjì ni yóò fi sinmi dípò mẹ́ta. Áàpù tí a ṣe nítorí ẹ̀yìn àwọn ènìyàn ni yóò wá máa jí ọjọ́ ìsinmi wọn kó, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Ẹ má sì rò pé Yorùbá nìkan ló ń ka ọjọ́ báyìí. Quinze jours ni àwọn Faransé ń pe ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 14 ló wà níbẹ̀.

Ohun kẹrin ni lẹ́tà. Lẹ́tà ẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode. A lè kọ ẹ, kí a fi àmì òkè lé e. A sì lè kọ è, kí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ tí a kò kọ́, méjì ni. Ẹni tó kọ "gbígbé nílẹ̀" lórí fóònù tirẹ̀ lónìí, tó tún kọ ọ́ lórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́la, lè bá a pé áàpù ti pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, bí ẹni pé kò gbé irin náà rí. Oògùn rẹ̀ wà, nítorí Unicode ní ìlànà tí a fi ń sọ oríṣi méjèèjì di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ áàpù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àìsàn wà kó tó wá oògùn. Ní Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1975 ni a ti ní álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa. Ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń kọ ní "iṣẹ́," "ishɛ́" ni a ń kọ. "Ọ̀pọ̀" tiwọn ni "ɔ̀kpɔ̀" tiwa. Áàpù tí kò bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì yóò fi ààlà sáàárín agbérin Àjàṣẹ́ àti agbérin Ìbàdàn.

Ohun karùn-ún ni orúkọ. Faransé ń pe ọ̀nà kan tí a ń gbà gbé irin ní arraché, èkejì ní épaulé-jeté. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ti ọ̀run bọ̀. Arraché ni kí a fa nǹkan tu, bí ẹni ń fa ẹ̀gẹ́ tu. Épaulé-jeté ni kí a gbé e lé èjìká kí a tó jù ú sókè. Èdè tó ní gbé, rù, pọ̀n, fà, tì àti kó, tó sì ya olúkúlùkù sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrù ṣe wà lára, kò lè sọ pé òun kò rí ọ̀rọ̀ fún irin. Àbá tiwa ni ìfàtu àti ìgbéléjìká. Ìlóṣòó ti wà nílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí Bámgbóṣé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984, tí Awóbùlúyì sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú apá kejì ní 1990, ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí a lè fi Yorùbá kọ́ Yorùbá. Wọ́n kò dúró de ẹnikẹ́ni láti fún wọn ní ọ̀rọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí àbá wa wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé irin. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá lè pè nígbà tí èémí wọn ń lọ sókè sódò, a ó jù ú nù.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí garawa símẹ́ńtì. Áàpù tí a ṣe fún ibi tí nọ́ńbà wà lára gbogbo irin kò mọ ohun tí yóò ṣe sí irin Adjarra. Ó yẹ kí ó jẹ́ kí olúkúlùkù sọ irin tirẹ̀ lórúkọ, "garawa pupa" tàbí "garawa ńlá." Bí a bá fẹ́ mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí ènìyàn gun òṣùwọ̀n lọ́wọ́ òfo, kó tún gun ún pẹ̀lú garawa, kó yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì. Áàpù náà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí owó tí a fi ń ra íntánẹ́ẹ̀tì ni owó gaàrí. Kò sì gbọdọ̀ máa ṣí ìwọ̀n ara àti agbára ènìyàn payá fún gbogbo ayé. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ta ni yóò wá fẹ́ kí àjèjì máa ka kílò ara òun?

Ẹ lè bi wá pé, "Àwọn ọ̀dọ́ Adjarra wo lẹ ń sọ? Ṣebí Ègùn ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nílé?" Òótọ́ ni. A ti dúró ní àgbàlá yẹn tẹ́tí sí wọn. Faransé ni wọ́n fi ń ka iye ìgbà, Ègùn ni wọ́n fi ń ṣàwàdà, Yorùbá sì ni ọ̀kan nínú wọn fi ń gbàdúrà kó tó gbé irin. A kò wá gba Faransé lẹ́nu wọn, a kò sì fẹ́ kí Yorùbá jẹ Ègùn mọ́lẹ̀ bí Faransé ṣe ń jẹ wá mọ́lẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé èdè kọ̀ọ̀kan tí a bá fẹ́ fi sínú áàpù náà, kí a bi gírámà rẹ̀ léèrè kí a tó ya ojú ìwé kìíní. Bí Ègùn ṣe ń ka nǹkan àti bí ó ṣe ń ka ọjọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ni ín ló yẹ kí ó sọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ wa ní ìdáhùn kan tí a kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Bí mo bá dúró dè yín, áàpù náà kò ní jáde láé. Ẹ̀yin onímọ̀ èdè, orí àmì kan ṣoṣo lẹ lè ti jà fún ọdún mẹ́wàá." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn wá, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, a ti gbà pẹ̀lú rẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ kékeré: ojú ìwé mẹ́ta, ogún ọ̀rọ̀, àti òǹkà láti oókan dé igba tí ènìyàn lè fi ẹnu sọ dípò kí ó tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá kù, a ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, bí agbérin ṣe ń fi kún irin rẹ̀.

Ibi tí a nílò yín nìyí. A ń fẹ́ àwọn tí yóò lọ sí àgbàlá àwọn agbérin ní àdúgbò wọn, láti gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò sílẹ̀. A ń fẹ́ ohùn ọkùnrin àti obìnrin tó lè ka òǹkà Yorùbá dé igba láìṣìnà. A ń fẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Ègùn ju tiwa lọ. Gbogbo ìgbà ni à ń ráhùn pé ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè wa. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ ti wá kan ilẹ̀kùn wa báyìí. Bí a kò bá ṣí i, ẹjọ́ ta ni?

Ọ̀rẹ́ wa onízémidjan ti padà sí àgbàlá. Èédú ló fi ń kọ ohun tó gbé sára ògiri, ìlà kan fún ọ̀wọ́ kan. Ní oṣù tó kọjá, òjò fọ apá kan ògiri náà mọ́ tónítóní, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Èwo ni mo gbé kẹ́yìn?" Ògiri yẹn ni a fẹ́ gbé sínú fóònù, ní èdè tí ẹni tó ni ín fi ń ronú, kí òjò mìíràn tó rọ̀.